Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára Júpítà: ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kétu ni mo ti ń wo ojú ọ̀run. Mo so kámẹ́rà kékeré kan, tó ń ya àwòrán 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mọ́ awò awọ̀nàjíjìn mi, mo sì fi ya pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà fún ìṣẹ́jú 2. Nígbà tí kọ̀ǹpútà to àwọn àwòrán náà léra, tí mo sì mú kí ó là kedere, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aṣọ òfì, àti àmì kan tó rí roboto bí òrùka. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ rárá. Àwọn ojú kéékèèké tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kì í ríran dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kíkà tí kámẹ́rà ń kà wọ́n ní ìlà-ní-ìlà máa ń mú kí odidi ìlà kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ kò lè rí ìyàtọ̀ yìí nínú àwòrán kan ṣoṣo, nítorí àwọn àbàwọ́n tó ń yí padà láti àwòrán dé àwòrán ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán 18,000 ni ẹ yà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to àwọn tó dára jù léra, èyí tó ń yí padà ń pa ara wọn rẹ́, èyí tí kì í kúrò lójú kan ló ṣẹ́ kù.

Ó dùn mí pé ẹni tí awò rẹ̀ ń tẹ̀ lé Júpítà láìyẹsẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ń bá jù. Ẹ jẹ́ kí Júpítà máa rìn díẹ̀díẹ̀ kọjá lójú kámẹ́rà. Kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé Júpítà, àwọn ìlà náà yóò sì fọ́n ká títí wọn yóò fi pòórá. Ẹ má tìtorí èyí fa fídíò gùn, nítorí Júpítà ń yí po lójú ara rẹ̀ láàárín wákàtí tí kò pé 10, bí fídíò bá sì gùn jù, àwòrán rẹ̀ yóò di bàìbàì. Ìṣẹ́jú 2 yín dára.

Eruku ni òrùka yẹn, òjìji rẹ̀ ni ẹ rí. Ní àsìkò ọyẹ́, àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ níbí pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yí kámẹ́rà nìkan po nídìí awò: bí òrùka náà kò bá kúrò níbi tó wà nínú àwòrán, ara gíláàsì kámẹ́rà ni eruku náà wà. Rọ́bà tí a ń tẹ̀ kí ó fẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ yóò ta sí gíláàsì náà.