Olùkọ́ ọmọ mi ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bàlúù já wálẹ̀ lókè: ṣé kò léwu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ní NCAT, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó wà ní Zaria. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé olùkọ́ àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tí bàlúù fi gbọ̀n rìrì, tó sì já wálẹ̀ díẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, n kò rí oorun sùn dáadáa. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Tí wọn ò bá kọ́ ọ ni ẹ̀rù ìbá bà mí.

Stall là ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ló kú, kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ara ìyẹ́ kọjá ló ń gbé bàlúù dúró. Bí awakọ̀ bá gbé imú rẹ̀ sókè jù, tí ìyẹ́ fi dojú sókè sí afẹ́fẹ́ ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ, afẹ́fẹ́ á tú kúrò lára ìyẹ́, bàlúù á gbọ̀n, imú rẹ̀ á sì dorí kodò. Nígbà yẹn, ohun tó máa ń wá sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni kó fa ọwọ́ ìtukọ̀ mọ́ra. Fífà yẹn gan-an ló ń pani. Ṣe ló yẹ kó tì í síwájú kí ìyẹ́ lè tún rí afẹ́fẹ́ gùn, kó sì fi kún iná ẹ́ńjìnnì. Kò sí bí a ṣe lè fẹnu kọ́ ọwọ́ ní èyí, àfi kí ọwọ́ ṣe é títí tí yóò fi mọ́ ọn lára. Ìgbà tí awakọ̀ bá ń yí bọ̀ wá balẹ̀, tí kò ga tó ohun tó lè fi ṣàtúnṣe, ni stall burú jù.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gòkè dáadáa ká tó ṣe é. Ìlànà ìdánwò Amẹ́ríkà ní kí bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan ti bọ́ nínú rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé 1,500 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀. Èmi a máa fẹ́ kó lé sí i. Olùkọ́ á ti ṣàlàyé rẹ̀ nílẹ̀, á yí bàlúù yípo wò bóyá òmíràn wà nítòsí, á kọ́kọ́ ṣe é kí ọmọ rí i, kó tó di pé ọmọ ṣe é.

Ọwọ́ ìtukọ̀ méjì ló wà, ti olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gbà á, á ní, “Ó di ọwọ́ mi.” Ọmọ á dáhùn pé, “Ó di ọwọ́ yín,” á sì fi í sílẹ̀. Olùkọ́ á tún un sọ pé, “Ó di ọwọ́ mi.” Ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí kò sí ewu tó tó kí oníkálukú rò pé ẹnì kejì ló dì í mú. Tó bá tún pè, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n máa ń sọ nígbà yẹn. Tó bá dáhùn láì ronú, ọwọ́ olùkọ́ gidi ló wà.

Ohun kan wà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Mo mọ̀ pé owó ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run ní Zaria débi pé a lè jókòó fún ọjọ́ púpọ̀ láì fò. Ọmọ tí ilé ń kán lójú lè gbéra lọ́jọ́ tí kò yẹ kó gbéra. Tó bá ní àwọn ò fò lónìí nítorí ọyẹ́, ẹ sọ fún un pé ó dáa bẹ́ẹ̀.