Kíkó Ẹbí Lọ sí Áílándì Èkó Lórí Owó Tí Kì í Lé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn la ń gbé. Wọ́n ti gbé ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ sí Victoria Island, oṣù kẹsàn-án ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la ní: ọ̀kan wà ní SS2, ọ̀kan ní JSS1, àbíkẹ́yìn sì wà ní praímárì kẹrin. Tí a bá pa owó ìfẹ̀yìntì mi pọ̀ mọ́ owó oṣù rẹ̀, ₦420,000 ni, kò sí ibòmíràn tí owó tún ń gbà wọlé. A ti tu ₦4,000,000 jọ. Éjẹ́ǹtì kan fi ilé oníyàrá méjì hàn wá ní Sangotedo, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Èpè, ₦2,500,000 lọ́dún. Ṣé apá wa á ká a?
Bàbá Olùkọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àníyàn ẹbí. ₦4,000,000 yín á gbé yín wọ ilé yẹn, ṣùgbọ́n kò ní gbé yín dé ọdún kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń kó lọ sí Áílándì ti ń ṣubú. Oṣooṣù ni owó ń wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni owó ilé ń kanlẹ̀kùn, ẹni tí kò bá sì ti máa ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ láti oṣù kìíní, oṣù kọkànlá ni á tó mọ̀ pé òun ti jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Owó ilé ₦2,500,000. Owó éjẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì, àṣà Èkó ni pé kí wọ́n gba ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún: ₦250,000 lọ́nà méjì. Ká ní owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, jẹ́ ₦200,000, tí owó sáfíìsì ẹ̀sítéètì, ìyẹn owó ọlọ́dẹ, ìdọ̀tí àti irú wọn, sì jẹ́ ₦300,000. Gbogbo rẹ̀ ti di ₦3,500,000. Ìdajì mílíọ̀nù ló kù lọ́wọ́ yín láti fi gbé ẹrù, wọ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi jẹun títí owó oṣù á fi dé.

Lọ́dún kejì, owó éjẹ́ǹtì, àgírímẹ́ǹtì àti kọ́ṣọ̀n kò sí mọ́, ó ku ₦2,800,000. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ ₦233,333. Ó ti ju ìdajì owó tó ń wọlé fún yín lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀, kí ẹ tó tan iná, kí ìkòkò tó gorí ààrò. Ẹ má gba ilé yẹn.

Ìlànà tí àwa ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kì í lé ni pé kí owó ilé àti owó sáfíìsì lápapọ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Fún yín, ₦140,000 lóṣù ni, ìyẹn ₦1,680,000 lọ́dún. Tí ẹ bá rí ilé ₦1,500,000 tí owó sáfíìsì rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, tí kọ́ṣọ̀n jẹ́ ₦150,000, ₦2,130,000 ni ẹ ó fi wọlé. ₦1,870,000 á kù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti ₦1,680,000 mọ́ báńkì, nínú àkáǹtì tí kò ní káàdì, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n sí owó ilé ọdún kejì. ₦140,000 tí ẹ bá wá ń yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù á di ti ọdún kẹta. Bí onílé bá fi owó lé e, kò ní bá yín lábẹ́ òjò.

A mọ̀ pé ní iye yẹn, yàrá kan àti pálọ̀ ló ṣeé ṣe kí ẹ rí, tàbí kí ẹ wọ inú lọ́hùn-ún, sí Awóyáyá tàbí Lákowé. Kò rọrùn fún ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún, ọ̀nà sì jìn sí Victoria Island. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni iṣẹ́ ń pè lọ sí Áílándì? Ìyá àwọn ọmọ nìkan ni. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Èpè ni ọ̀pọ̀ ẹni tó wà láti Ajah títí dé Èpè ń gbà bọ̀ láàárọ̀, bí ó bá sì dí ní Ajah, ibi yíyà sí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ilé nítòsí Mile 2, tí kì í ṣe Áílándì, lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, èyí tó ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà mẹ́tàlá ni, ibùdókọ̀ márùn-ún, kò sì sí gosiló lórí irin. Láti Marina, ọkọ̀ Victoria Island kò wọ́n. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Kí Ìyá gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ó sì kọ owó àti wákàtí sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kọ́ ni wọ́n fi ń dán ọ̀nà Lẹ́kí wò. Ẹ wá fi iye ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún inú oṣù sọ owó ọkọ̀ yẹn di púpọ̀, kí ẹ fi kún owó oṣù kan ti ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wé wọn mọ́ra. Ilé tó dà bíi pé owó rẹ̀ pọ̀ lè wá jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ dínkù.

Bí ẹ bá ti yan Áílándì náà, ẹ lọ wo ilé nígbà òjò, oṣù kẹfà, keje tàbí kẹsàn-án. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì níta: ilà àwọ̀ ilẹ̀ tó lọ gbọọrọ ní ìwọ̀n orúnkún, ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá nìyẹn, ọ̀dà tuntun nìkan ló sì lè bò ó. Ẹ wo ihò iná lára ògiri ìsàlẹ̀, bóyá wọ́n ti gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà níkòríta, ẹ má bi éjẹ́ǹtì. Ẹ tún béèrè ẹni tó ń sanwó ọkọ̀ tó ń fa ṣàlángá, torí omi kò jìnnà sísàlẹ̀ lágbègbè yẹn, sọ́kàwéè sì máa ń kún nígbà òjò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó jù.

Ní ti iná, ẹ béèrè bóyá Band A ni àdúgbò náà. Àwọn tó wà lórí Band A ló yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, àwọn náà sì ni owó wọn gbéra láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kó tó rọra wálẹ̀ sí bíi ₦209. Éásì (ẹ̀rọ amúlétutù) kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà lè jẹ yúnìtì márùn-ún. Lóṣù, ó ti lé ní ₦31,000, lórí oorun nìkan. Fáànù ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ gba nọ́ńbà mítà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wádìí gbèsè orí rẹ̀ lọ́fíìsì iná, torí bí ẹni tó kó jáde bá jẹ wọ́n, inú tókìnnì yín ni wọ́n á ti máa yọ ọ́.

Òfin yálégbé-onílé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi mẹ́rin sílẹ̀: Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ pé kí ẹ san ọdún méjì. Ajah àti Sangotedo kò sí nínú ibi mẹ́rin yẹn. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ onílé gan-an ni kí ẹ sanwó sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fojú rí òun fúnra rẹ̀ tí ẹ sì ti bá ayálégbé mìíràn nínú ọgbà náà sọ̀rọ̀. Ilé kan ṣoṣo ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́fà. Ẹ béèrè bóyá éjẹ́ǹtì náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé.

Ti àwọn ọmọ: ilé ìwé ìjọba ni kí ẹ fojú sí. Ẹ gba ìwé ìgbékúrò àti èsì ìdánwò tó gbẹ̀yìn ní Ìbàdàn kí wọ́n tó gba ọlidé, kí ẹ sì débẹ̀ ní oṣù kẹjọ, torí àyè máa ń tètè kún. Ẹni tó wà ní SS2 ni kí ẹ rò dáadáa jù. WAEC rẹ̀ ku ọdún kan, àwọn ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ sì lè má sí ní ilé ìwé tuntun. Bí ẹbí bá wà tó lè gbà á sílé ní Ìbàdàn kó parí, kò burú rárá.

Gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́, ọjà Bódìjà ni kí ẹ ti máa rà wọ́n ní àpò, kí ẹ bá ará ilé méjì pín in. Fún omi mímu, ẹni márùn-ún tí ń mu lítà méjì-méjì, lítà mẹ́wàá ni lójúmọ́. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ní ogún ọ̀rá onídajì lítà nìyẹn, ọgbọ̀n àpò lóṣù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìṣirò yín, kò kéré.

ÌBÉÈRÈ: Omi bọ́ọ̀hóòlù ilé tuntun wa ní Ajah mọ́ gaara nígbà tí a bá pọn ọ́n. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti pọ́n bí omi ìpẹtà, ó sì ti ba aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ jẹ́. A da álọ́ọ̀mù sí i, ibi pẹlẹbẹ náà ló fi lélẹ̀.
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Ajah

ÌDÁHÙN: Irin ló wà nínú omi yín, Ìyá. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ti yọ́ mọ́ omi, ojú kò lè rí i. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni ó ń dípẹtà, tí ó sì ń rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa bí ẹrẹ̀ pupa. Bí ẹ bá lo álọ́ọ̀mù kí atẹ́gùn tó dé ibẹ̀, kò rí nǹkan kan mú.

Nítorí náà, atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí garawa kan, kí ẹ gbé e lé orí dúrọ́ọ̀mù, kí omi máa rọ̀ bí òjò gba ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ bu omi òkè láì rú ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gbà á kọjá nínú garawa kejì tí ẹ ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, tí iyanrìn tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ sì wà lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí iyanrìn bá ti pọ́n, tí omi kò sì tètè kọjá mọ́, ẹ tún un fọ̀. Omi yìí dára fún aṣọ àti àwo. Èyí tí ẹ ó mu, ẹ sè é.

Ẹ má fi bílíìṣì fọ aṣọ tó ti pọ́n o! Ṣe ni ó máa ń so ìpẹtà mọ́ aṣọ títí láé. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Bí omi bá ń ta létè, tí ọṣẹ kò sì hó, iyọ̀ òkun ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Iyanrìn àti fílítà lásán kò lè yọ iyọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta á fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Àárín ọdún ni wọ́n gbé owó sáfíìsì wa láti ₦180,000 lọ sí ₦350,000. Opó ni mí, owó ìfẹ̀yìntì ni mo ń gbọ́kàn lé. Ṣé kí n kọ̀ láti san?
Opó Kan, Lẹ́kí

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, Ìyá. Ẹ má tíì kọ̀, torí wọ́n lè ti géètì tàbí omi mọ́ yín kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ẹ béèrè ìṣirò. Òfin ọdún 2011 kan náà sọ pé ẹni tó ń gba owó sáfíìsì gbọ́dọ̀ já ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì fi bó ṣe ná an hàn ayálégbé ní kíkọ sílẹ̀, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ẹ kọ lẹ́tà pẹ̀lú àwọn ará ilé tó kù, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè iye lítà dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ lóṣù àti iye tí wọ́n rà á, iye ọlọ́dẹ àti owó oṣù wọn, owó ìdọ̀tí, àti iye ilé tí kò tíì san. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: bí ilé mẹ́wàá nínú ogún kò bá san, àwọn tó ń san ni wọ́n ń di ẹrù náà lé lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín pé àwọn ti gbà á.

Bí wọn kò bá fèsì, ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà, àgírímẹ́ǹtì yín àti rìsíìtì ọdún méjì sẹ́yìn lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọ́n á ránṣẹ́ pe onílé tàbí àwọn alákòóso ẹ̀sítéètì láti wá jókòó. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.