Kí ẹ tó sanwó Janus yẹn, ẹ wá nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n fẹ́ ta ìpín kan fún yín nínú Janus àtijọ́, gláídà ẹlẹ́ni méjì (bàálù tí kì í lo ẹ́ńjìnnì), níbí ní Ìlú Ọba, pé ẹni tó ń tà á ní kò ní ìjàǹbá rí, àti pé ẹ ti wo G-INFO, ìwé orúkọ bàálù Britain lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò rí nǹkan kan. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ra irú rẹ̀ rí. Ojú wa rí màbo.

Ẹ má gbọ́kàn lé lẹ́tà ara gláídà. Títí di nǹkan bí 2008, BGA, ẹgbẹ́ àwọn afò-gláídà Britain, ló ń fún àwọn gláídà ní nọ́ńbà níbí. Òfin Yúróòpù ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n bọ́ sórí ìwé CAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí bàálù, kí wọ́n sì gba lẹ́tà G. Èyí tí ẹ̀ ń wò lè ti jẹ́ D ní Jámánì, kó tó gba nọ́ńbà BGA, kó tó wá di G. Lẹ́tà ìdíje tó wà nírù ńkọ́? Olówó rẹ̀ lè gbé e lọ sórí gláídà mìíràn lọ́la. Nọ́ńbà tí Schempp-Hirth, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fún un ní Kirchheim ní Jámánì ni kì í yí padà, ó wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré níbi ìjókòó. Òun ni kí ẹ fi tọpasẹ̀ rẹ̀ dé gbogbo ìlú tó ti gbé.

Tiwa ò ní àbùkù kankan nínú ìwé Britain. Nọ́ńbà yẹn la mú lọ bá ẹgbẹ́ tó lò ó ní Jámánì, àgbà kan níbẹ̀ sì rántí rẹ̀ dáadáa: wọ́n bà sínú oko, apá kan kọ́ ọkà, gláídà yí bìrí, ìrù sì kán. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìwé àtúnṣe náà ò bá a wá. Nígbà tá a tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù lálẹ́, a rí i kedere: ọ̀dà ibẹ̀ funfun ju ti ìyókù lọ, ipa bébà oníyanrìn tí wọ́n fi ha á sì gba ìbú. A gbé e sórí ìwọ̀n, ìrù ti wúwo ju bó ṣe wà nínú ìwé ìwọ̀n àtijọ́. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí ìrù bá wúwo, tí ẹni tó fúyẹ́ dá jókòó síwájú, tí gláídà náà bá wá ń yí bí òòyì wálẹ̀, ó lè má jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ara tó kéré jù fún awakọ̀, tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, gbọ́dọ̀ yí padà.

Ẹ béèrè irú Janus tó jẹ́ pẹ̀lú. Èyí tí Klaus Holighaus kọ́kọ́ ṣe, tó fò ní 1974, gbogbo ìrù pẹlẹbẹ rẹ̀ ló ń yí sókè sódò pọ̀, ọ̀pá ìdarí rẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́wọ́ débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa ta sókè ta sódò lẹ́yìn bàálù tó ń fà á. Janus B ló kọ́kọ́ ní ìrù tó dúró.

Tí wọ́n bá to apá rẹ̀, ẹ wo àwọn ìdè L'Hotellier tó so ọ̀pá ìdarí mọ́ àwọn abala tó ń yí lára apá, tí wọ́n ń fọwọ́ so nígbàkígbà tí wọ́n bá to gláídà. Ẹ̀mí ti bá èyí tí wọ́n gbàgbé lọ. Kí ẹnì kan di abala tó ń yí lára apá mú, kí ẹlòmíì máa ti ọ̀pá ìdarí. Wákàtí tó ti fò náà ṣe pàtàkì: àyẹ̀wò ńlá wà ní 3,000, owó kékeré kọ́.

Ẹ gba ìwé ìwọ̀n, ẹ ya irin pẹlẹbẹ yẹn ní fọ́tò. Tí wọn ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ yà á, ẹ má sanwó.