Apá Wo Ni Kí N Jókòó Sí Nínú Bàálù Lọ́ńdọ̀nù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi láti Èkó lọ sí Heathrow. Bàálù àárọ̀ ni, ojúmọmọ la ó sì fi rin ìrìn náà. Ó ní kí n yan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó bá wù mí. N kò fẹ́ sùn rárá, mo fẹ́ wo ilẹ̀ láti òkè. Ṣé ọ̀tún ni tàbí òsì? — Ìyá kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Mà. Apá ọ̀tún ni. Nínú bàálù ńlá, lẹ́tà A lára nọ́ńbà ìjókòó ni fèrèsé òsì, K ló sì sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀tún. Ẹ bá mi mú K.

Àríwá lẹ ń lọ, nítorí náà ìlà oòrùn ni fèrèsé ọ̀tún kọjú sí. Oòrùn á kọ́kọ́ tàn sí yín lójú díẹ̀, àmọ́ bó bá ti di ọ̀sán, ó ti bọ́ sápá òsì. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni yóò máa ti fèrèsé pa. Ní tiyín, ẹ̀yìn yín ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa tàn sórí ohun tí ẹ ń wò.

Ẹ óò ré Odò Ọya kọjá, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ tàbí ìkùukùu òjò lè bò ó. Sàhárà ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù lójú ọ̀nà yẹn. Ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń sùn kọjá níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí fún wọn. Kì í ṣe iyanrìn nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ní gúúsù Algeria ni àwọn òkè Hoggar wà, àpáta dúdú tí ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Tahat, lé ní 2,900 mítà. Ojú ipa àwọn odò tó ti gbẹ látayébáyé ṣì hàn lórí ilẹ̀ aṣálẹ̀ bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà.

Lẹ́yìn Òkun Mẹditaréníà, bí ọ̀nà ọjọ́ yẹn bá gba ìlà oòrùn Faransé, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ ó rí òkè Alps lọ́ọ̀ọ́kán, funfun báláú. Apá ọ̀tún náà ló wà.

Lọ́ńdọ̀nù ló wá jẹ́ kí n tẹnu mọ́ K. Bàálù máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó bà, ìwọ̀ oòrùn sì ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá sí Heathrow. Nítorí náà ìlà oòrùn ni bàálù ti ń wọlé, ó ń gba orí gúúsù ìlú, lágbègbè Peckham tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí. Àríwá ni fèrèsé yín máa kọjú sí nígbà náà. Odò Thames, Tower Bridge, ilé gogoro Shard, London Eye (kẹ̀kẹ́ gìrìwò tó ń gbé èèyàn yípo), ààfin Buckingham, wọ́n á máa tẹ̀ léra. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n á ti wọlé. Ààfin Windsor á wá wà lápá òsì. Ìyẹn kì í wọ́pọ̀ tó tàkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe jókòó sórí ìyẹ́ bàálù o, torí kò ní jẹ́ kí ẹ rí ilẹ̀. Iwájú ìyẹ́ ló dára jù. Bí owó ibẹ̀ bá pọ̀, ẹ lọ sẹ́yìn pátápátá, torí ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì máa ń mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n lójú ẹni tó jókòó sí itòsí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé fèrèsé yín kò ní ohun tí wọ́n ń fà bò ó, Boeing 787 nìyẹn. Bọ́tìnì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ó fi mú kó mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣókùnkùn.

Ẹ ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó kéde pé bàálù ti ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dìde mọ́, àsìkò yẹn gan-an sì ni ìlú ń bọ̀ lójú fèrèsé yín.