Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tí kànga wa ò tíì kún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ilẹ̀ amọ̀ ni gbogbo àgbàlá wa. Oṣù kẹrin ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹfà rèé, a ṣì ń rí ìsàlẹ̀ kànga. Aládùúgbò wa ní omi ò lè gba inú amọ̀ kọjá láéláé, pé ká yáa lọ gbẹ́ borehole. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Omi ń gba inú amọ̀ kọjá, ó kàn máa ń pẹ́ ni. Ẹ rántí àmù ìyá àgbà, bó ṣe máa ń làágùn níta, omi inú ẹ̀ ló ń yọ́ jáde yẹn, amọ̀ tí wọ́n sì ti fi iná sun ni o! Ti inú ilẹ̀, horo ẹ̀ kan ò tó 0.002 mílímítà, àlàfo àárín wọn há gan-an, ibi tí omi máa rìn dé ní wákàtí kan nínú yanrìn, ó lè gbà á ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú amọ̀.

Àti pé òjò àkọ́kọ́ kì í ṣe ti kànga. Ilẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti fa gbẹ láti oṣù kọkànlá á kọ́kọ́ mu tiẹ̀ yó, igi àti koríko á fà tiwọn, oòrùn náà á gba tiẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá omi tó wà lórí àpáta nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni ọ̀pọ̀ kànga tó ń kún dáadáa.

Ọ̀nà àbùjá tún wà o. Ẹ fi ọkọ́ gé ilẹ̀ wò lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ máa rí i pé etí ihò ikán, ihò ekòló àti ibi tí gbòǹgbò ti jẹrà ti rin gbingbin nígbà tí amọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ṣì gbẹ. Ojú ibi tí ilẹ̀ sán náà ń gba omi, àmọ́ tí amọ̀ bá ti mumi tó wú, á padà dé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: omi tó gba àbùjá kò rí ilẹ̀ sẹ́ ẹ, tí ṣalángá bá wà nítòsí, ìdọ̀tí ẹ̀ lè bá a wọ kànga. Ẹ sè é kí ẹ tó mu ún, pàápàá tó bá pọ́n lẹ́yìn òjò.

Ẹ má sì da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Ẹ ta kókó sí okùn tí ẹ fi ń fami níbi tí omi dé, kí ẹ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọ̀wé sí wa.