Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ọfà orí fóònù lè mú àlejò dé ibi ọdún ní Ifẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Ọdọọdún ni àwọn ẹbí wa máa ń wá láti Èkó àti òkè òkun fún ọdún Ọlọ́jọ́, èmi ni mo sì máa ń mú wọn kiri. Mo rí fídíò kan tí èèyàn gbé fóònù sókè, tí ọfà ń hàn lójú títì tó ń júwe ọ̀nà, tí orúkọ sì ń yọ lára ilé. Wọ́n ní AR ni wọ́n ń pè é. Ṣé irú áàpù bẹ́ẹ̀ wà fún Ifẹ̀, àbí kí n ní kí wọ́n bá mi ṣe é? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, Android lásán ni fóònù mi.

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ máàpù ni mò ń ṣe jẹun, n ó sì sọ ọ́ fún yín láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹ má tíì náwó sórí ọfà yẹn. Àlejò tó bá béèrè Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, lọ́wọ́ ará Ẹnuwà á débẹ̀. Ọjọ́ àti àkókò ló máa ń já wọn kulẹ̀. Ẹni tó dé lọ́jọ́ kejì tí Ọọ̀ni ti dé Adé Ààrẹ lọ sí Òkè Mògún, kí ni ọfà fẹ́ fi hàn án?

Bí ọfà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Fóònù ń gba àmì lára sátẹ́láìtì GPS, ó kéré tán mẹ́rin, ó fi ń mọ ibi tó wà. Kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ ló ń sọ ibi tó kọjú sí. Ní gbangba, GPS fóònù lè ṣì tó mítà 5. Lábẹ́ igi tàbí láàárín ilé, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojúbọ kan bá wà ní mítà 10 síwájú yín, àṣìṣe mítà 5 yìí tó láti gbé orúkọ rẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò. Ti kọ́ńpáàsì tún burú jù, torí irin àti mágínẹ́ẹ̀tì ń tàn án jẹ. Bó bá fi dìgírì 15 péré ṣì, ohun tó wà ní mítà 100 á ti yẹ̀ tó mítà 26.

Mo ti fojú ara mi rí i. Mo dúró ní Ẹnuwà lọ́jọ́ ọdún, mo fara ti ọkọ̀ kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀nà Mọ́pà ni mo ní kí fóònù fi hàn mí, kí n mú àlejò lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ọfà yí, ó yí, ó wá dojú kọ ògiri. Àfìgbà tí mo kúrò lára ọkọ̀, tí mo fì fóònù bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8 sínú afẹ́fẹ́, ni orí rẹ̀ tó wálé. Nígbà yẹn, èrò ti pọ̀ débi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ mọ́, bátìrì mi sì ti ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Google ní tiẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Live View, gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ó ń fi ohun tí kámẹ́rà rí wé àwòrán títì tí wọ́n ti yà sílẹ̀. Kọ̀rọ̀ tí wọn ò bá yà, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ṣe áàpù máa ń ṣubú sí. Wọ́n máa ń wí pé ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni wọn kì í bọ òrìṣà ní Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìbọ náà kì í tẹ̀lé Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tiwa ló ń tẹ̀lé: ọjọ́ Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, ti Jàkúta. Ọmọ kọ̀ǹpútà á gbọ́ "ọrún," á tẹ 5 sí i. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn! Àwa máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán tó dún bí 9 jẹ́ ọjọ́ 8, tí ìtàdógún tó dún bí 17 sì jẹ́ ọjọ́ 16. Bí ọjọ́ Ògún bá bọ́ sí Sátidé, Wẹ́sidé ni òmíràn, ó sì di ọjọ́ 28 kó tó tún bọ́ sí Sátidé. Ẹni tó bá tẹ 5, ìgbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, àlejò yín á dé ojúbọ tó ti ilẹ̀kùn. Ọdún ńlá bíi Ọlọ́jọ́, Ìtàpá tàbí Ẹdì, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò rẹ̀ rárá. Ẹ dúró de ìkéde ààfin àti ti àwọn àwòrò, kí ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Google My Maps nínú búráúsà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi àmì sí ibi mẹ́wàá, ẹ má jù bẹ́ẹ̀: ààfin, mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti 1954, Òkè Mògún, Mọ́pà, ère Mọ́remí, Òkè Ìtasẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, àkókò, aṣọ tó yẹ, bóyá wọ́n gba kí èèyàn ya fọ́tò. Ẹ gbà á sílẹ̀ bíi fáìlì KML, irú èyí tí áàpù máàpù lè kà, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí àwọn ẹbí tó kúrò nílé. Áàpù máàpù tí wọ́n ń pè ní Organic Maps á ṣí i láìlo dátà, bí wọ́n bá ti gba máàpù agbègbè náà sílẹ̀ ṣáájú.

Igbó òrìṣà tí kì í ṣe ibi àlejò, ẹ má fi àmì sí i. Bí wọ́n bá kéde ìṣéde Orò, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè máàpù. Máàpù tó bá júwe ọ̀nà fún obìnrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wàhálà ló rà fún un.

Ṣé AR ò wá wúlò ni? Ó wúlò, bí kò bá ti sí pé à ń fi wá ọ̀nà. Ẹ wo agbolé Wúnmọníjẹ̀, níbi tí wọ́n ti hú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ jáde ní 1938. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Bí àwọn ará ilé bá gbà, a lè lẹ káàdì kan tó ní àwòrán tí kámẹ́rà lè dá mọ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀. Àlejò á kọ kámẹ́rà sí i, á sì rí orí náà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u, bó ṣe tóbi gan-an. Káàdì ni kámẹ́rà ń wò, kò bá GPS tàbí kọ́ńpáàsì ṣe, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣì bíi ti ọfà. Ìyẹn ni mo lè ní kí ẹ sanwó fún lọ́la. Kì í ṣe gbogbo Android ló lè gbé e o. Google ní àkọsílẹ̀ àwọn fóònù tí ARCore, ètò AR tiwọn, ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, ẹ wá orúkọ tiyín níbẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Ó ku ẹyọ kan. Kí ọdún tó dé, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ Ifẹ̀ ní fóònù náà, ẹ pa dátà rẹ̀, kí ẹ ní kó lọ láti Lágéré dé Òkè Mògún. Ẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti dúró tó ń wo ọ̀tún wo òsì, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tún kọ.