Èsì: Ṣé owó nìkan la fi ń ti iṣẹ́ àkójọ ìtàn àwùjọ lẹ́yìn?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé owó nìkan lèèyàn lè fi ran àwọn tó ń gba ìtàn ará àdúgbò sílẹ̀ lọ́wọ́, àti pé kí ló yẹ kí wọ́n fi owó náà ṣe.

Owó ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń jẹ owó jù. Fóònù lásán lè gba ohùn sílẹ̀. Dída ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ sórí ìwé ni wàhálà: ọ̀rọ̀ wákàtí kan lè gba ẹni tó mọṣẹ́ ní wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló sì máa tọ́jú àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà tówó ètò bá tán? StoryCorps, ètò kan tó ń gba ìtàn àwọn aráàlú sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003, ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí Library of Congress, ìyẹn ilé ìkówèésí ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà. Ètò tí kò bá ti ronú ibi ìpamọ́, ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa.

Ẹ tún bi àwọn tó ń ṣe ètò náà bóyá ẹni tó sọ ìtàn ń gba ẹ̀dà tirẹ̀, bóyá ó sì lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Tí wọn ò bá fún yín lésì tààrà lórí ìyẹn, èmi ò ní dá owó síbẹ̀.

Tí kò bá sówó, ẹ bá wọn da ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ sórí ìwé, tàbí kẹ́ ẹ bá àgbàlagbà kan tẹ́ ẹ mọ̀ jókòó kó lè sọ tiẹ̀. Èyí wúlò gan-an, torí ọ̀pọ̀ àgbà kì í tú ikùn wọn fún àjèjì.